Ìlà Kọkànlá, Igi Keje

Kí Clifton Yarborough tó lè fẹ́ Verna Lastinger, ó ní láti wá ibi tí igi ọsàn kan ti dúró rí. Igi náà kò sí mọ́. Katakata ti hú u tegbòtegbò ní ọdún méjì sẹ́yìn, òun àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi mìíràn, wọ́n sì ti kọ́ hotẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́wàá lé ojú ibẹ̀. Ìdí nìyí tí Clifton fi dúró ní etí adágún ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Keje, ọdún 1971, tó fi ẹsẹ̀ tẹ orí téèpù ìwọ̀n mọ́lẹ̀, tó ń tú ìyókù sílẹ̀ lọ sí ọ̀nà ilé náà, tí òógùn ń kán tó, tó, tó sórí àwòrán oko àtijọ́ tó fi há abíyá.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọgbà ìgbádùn kan ni wọ́n ń kọ́ lẹ́yìn ìlú Kissimmee nígbà náà, ní Flọ́rídà, hotẹ́ẹ̀lì tó wà létí rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní Lékeléke. Wọn kò mọ yàrá rẹ̀ lójú kan bí a ti ń mọ ilé. Egungun irin ni wọ́n kọ́kọ́ gbé dúró, tó lanu sílẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ibi, bí tábìlì ọ̀gá tí wọ́n ti fa gbogbo àpótí inú rẹ̀ yọ. Ní ilé-iṣẹ́ gbọọrọ kan tó jìnnà tó máìlì mẹ́ta ni wọ́n ti ń ṣe àwọn yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan: páìpù, bàfù, kápẹ́ẹ̀tì, ibùsùn, fìtílà, títí dórí àwo ọṣẹ. Tí yàrá kan bá parí, wọ́n á ti ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n á gbé e sórí tírélà, ẹ̀rọ agbẹ́rù á sì gbé e sókè, á rọra tì í wọ inú egungun irin náà. Àwọn tó ya àwòrán ilé náà ní tí yàrá bá gbó, àwọn á kàn fà á yọ ni, àwọn á ti tuntun bọ̀ ọ́. Irin wú, kọnkéré jókòó, ilé náà sì di gbogbo wọn mú. Títí dòní, kò sí yàrá kan tó tíì jáde.

Clifton jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Jacksonville ló ti wá, níbi tó ti kọ́ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ ọ. Ó máa ń dúró lẹ́yìn àwọn àgbà, á wo ọwọ́ wọn, á lọ sílé lọ dán an wò. Ẹni tó bá ti fi páìpù sínú yàrá ọkọ̀ ojú omi rí mọ bí a ti ń fi ohun ńlá sínú àyè kékeré, nítorí náà páìpù àti ilẹ̀kùn ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́.

Odell Pettway ló ń wa tírélà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kì í sì í sáré. Ó máa ń gbé ife kọfí sí iwájú gíláàsì ọkọ̀ láìdé e. Tí kọfí bá dà, ó ti sáré jù nìyẹn.

Ní ìpẹ̀kun ọ̀nà, Verna Lastinger ló ń dúró dè é pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò tí nǹkan méjìlélógójì wà nínú rẹ̀. Á ṣí ilẹ̀kùn, á tan iná, á fa omi, á dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn bóyá ó ń ké. Ohun tí kò bá dáa, á kọ ọ́ sórí bébà kékeré kan, á fún Odell mú padà.

Bébà àkọ́kọ́ tó kan Clifton kà báyìí: "Yàrá 214. Nọ́ńbà 17. Omi gbígbóná ń jáde níbi tí wọ́n kọ 'tútù' sí. Àlejò yóò bó bí adìyẹ. Ta ló ṣe èyí? Ṣé ẹ̀yìn ló fi ń ríran ni? V. Lastinger."

Clifton ka bébà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó lọ tún páìpù tó kàn ṣe, lẹ́yìn náà ó kọ̀wé sẹ́yìn bébà náà: "Èmi ni, mà. Ẹ má bínú. Ọkọ̀ ojú omi ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibi tí gbogbo omi ti tutù. C. Yarborough."

Ọjọ́ kejì, èsì dé: "Ẹ má pè mí ní mà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí."

"Báwo ló ṣe rí?" Clifton bi Odell.

"Ta ni?"

"Ẹni tó ń kọ bébà."

Odell mu kọfí rẹ̀ díẹ̀. "Ó ga. Ohùn rẹ̀ lè dá màlúù tó ń sáré dúró. Ojú rẹ̀ sì dùn ún wò nígbà tí kò bá bínú, mo rí i bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù tó kọjá. Kí lo tún fẹ́ mọ̀? Yàrá ni wọ́n ní kí n máa gbé, wọn ò ní kí n máa gbé ọ̀rọ̀."

"Ẹ̀yin náà ló gbé e dé yìí."

"Ó dáa náà. Mo ti di alárinà nìyẹn. Ìyá mi ní iṣẹ́ burúkú ni, ẹni tí a bá ṣe é fún kì í dúpẹ́."

Láti ọjọ́ náà, Clifton bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe. Kì í ṣe èyí tó léwu. Yàrá á pé pérépéré, àmọ́ nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo á dẹ̀ lára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, tàbí kí ìbòrí fìtílà dojú kọ ògiri. Bébà á sì dé. Ó kó gbogbo wọn sínú agolo bísíkíìtì kan lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Nígbà tó di ìkejìdínlógún, ohun tí Verna kọ síbẹ̀ nìyí: "Yàrá 331. Nọ́ńbà 9. Ẹni tó lè to páìpù tí kò jò nínú igba yàrá kò lè máa gbàgbé nọ́ọ̀tì kan náà lójoojúmọ́. Tí ó bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, kó wá sọ ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣáà dẹ̀ bíi nọ́ọ̀tì."

Ṣé kí Clifton lọ? Máìlì mẹ́ta, láàárín iṣẹ́, ọ̀gá tó ń ka orí ènìyàn bí adìyẹ. Ó rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn yàrá 340, ó wọ inú rẹ̀, ó sì jókòó sórí àga.

Ìrìn tírélà dára. Ó ń gbọ́ bí Odell ti ń kọrin jẹ́jẹ́ níwájú. Gbígbé sókè ni kò dára. Nígbà tí okùn irin fà, tí gbogbo yàrá yí díẹ̀, tí ó rí i láti ojú fèrèsé pé igi ọ̀pẹ wà nísàlẹ̀ tí ẹyẹ sì wà ní ìdọ́gba rẹ̀, Clifton di ibùsùn mú, ó sì rántí gbogbo àdúrà tí màmá rẹ̀ kọ́ ọ. Yàrá náà wọ àyè rẹ̀ pẹ̀lú gbì kan. Ilẹ̀kùn ṣí.

Verna dúró pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ó wo ibùsùn, ó wo fìtílà, ó wo ọkùnrin tí ojú rẹ̀ ti funfun bí aṣọ ibùsùn.

"Nọ́ńbà 43," ó sọ pẹ̀lẹ́. "Ènìyàn nínú yàrá. Kò sí nínú ìwé mi."

"Clifton Yarborough ni," ó dáhùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ilé yìí dúró."

"Ó ti dúró. Ìwọ lò ń yí." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó lọ bu omi wá fún un nínú ife tuntun tí wọn kò tíì bọ́ bébà ara rẹ̀. "Mu ún. Ó tutù. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Bí ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní oṣù Kẹta. Láti ìgbà náà, lọ́sàn-án, Odell á bá a gbé oúnjẹ tí Verna sè padà: búrẹ́dì àgbàdo, ẹja díndín tí wọ́n wé sínú bébà ìròyìn. Ọjọ́ Sunday ni wọ́n ń pàdé létí odò. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, ọ̀rọ̀ di ti ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ sì kan bàbá Verna.

Asa Lastinger ni olóko ọsàn kan náà tí wọ́n kọ́ hotẹ́ẹ̀lì lé oko rẹ̀ lórí. Ìyàwó rẹ̀, Ila, ti kú ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, Verna sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ilé kékeré kan ló ń gbé báyìí ní Kissimmee, pẹ̀lú igi ọsàn márùn-ún lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí Clifton wá kí i, orí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló bá a, ajá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà."

"Mo gbọ́ pé o ń bá wọn ṣiṣẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Páìpù omi àti ilẹ̀kùn."

"Ilẹ̀kùn." Bàbá náà mi orí. "Ọkùnrin tó wá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ mi dé fìlà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní màlúù lòun fẹ́ máa dà níbẹ̀. Títí dòní, n kò tíì rí màlúù kan. Ṣé ìwọ ti rí i?"

"Rárá, sà."

"Bóyá wọ́n wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ."

Verna gbé tíì tútù wá, Clifton mu ún tán, ó dìde, ó lọ. Ní ojú ọ̀nà, nígbà tí Verna ń sìn ín lọ, ló bi í bóyá ó lè bá òun lọ láìgba àṣẹ bàbá.

"Mi ò lè ṣe é," Verna wí. "Èmi nìkan ló kù fún un. Wọ́n ti fi irọ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò lè jẹ́ kó rí i bí ẹni pé wọ́n tún fi ọ̀nà ẹ̀yìn gba ọmọ. Má bínú sí mi."

Clifton kò bínú, àmọ́ kò rí oorun sùn dáadáa mọ́. Odell ló lọ bẹ bàbá. Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó gbé páì gúáfà tí ìyàwó rẹ̀ ṣe dání, ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà fún odindi wákàtí méjì. Èsì tó mú bọ̀ mú kí Clifton jókòó sílẹ̀.

"Ó ní nígbà tí òun fẹ́ Ila ní ọdún 1938, ìjì ti ká òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lọ, abẹ́ igi ọsàn kan ní oko òun ni wọ́n ti so àwọn pọ̀. Ó ní ọjọ́ tí o bá lè fi ojú ibi tí igi náà dúró sí hàn òun nínú kọnkéré yín, ọjọ́ náà ni kó o wá tọrọ ọmọ òun."

"Ó mọ̀ pé kò ṣeé ṣe."

"Ó mọ̀ dáadáa. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́." Odell tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Àmọ́ kò sọ pé rárá. Mo ti dàgbà, mo mọ 'rárá' tí mo bá gbọ́ ọ."

Bí Clifton ti dé etí adágún pẹ̀lú téèpù nìyẹn. Ó rí àwòrán oko tí wọ́n yà láti inú ọkọ̀ òfurufú ní ọdún 1952, Verna sì nàka sí igi náà fún un lára rẹ̀. Ó wọn ọ̀nà tó wà láti adágún dé ibẹ̀ nínú àwòrán, ó ṣírò rẹ̀ di ẹsẹ̀ bàtà, ó sì wọ̀n ọ́n lórí ilẹ̀. Iwájú tábìlì tí wọ́n ti ń gba àlejò ló bọ́ sí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sáré dé ọ̀dọ̀ Asa.

"Láti ibo lo ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n?" bàbá náà béèrè.

"Etí adágún, sà."

Asa rẹ́rìn-ín débi pé ajá dìde kúrò níbẹ̀. "Ọmọ ọkọ̀ ojú omi! Omi nìkan lo mọ̀ ní ààlà. Wọ́n ti gbẹ́ adágún yẹn gbòòrò, kí ọkọ̀ ìgbádùn wọn lè ríbi yí. Ibi tí o dúró sí yẹn, ilé adìyẹ mi ló wà níbẹ̀. O fẹ́ fẹ́ ọmọ mi, ìdí adìyẹ lo ti bẹ̀rẹ̀."

Clifton padà sílé pẹ̀lú ojú gbígbóná. Lórí tábìlì rẹ̀, lẹ́tà kan ti wà fún ọ̀sẹ̀ kan láti Mississippi: ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ń wá onípáìpù, kó dé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án. Yàrá tó kẹ́yìn fún Lékeléke yóò jáde ní ilé-iṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ. Lẹ́yìn náà, kò sí iṣẹ́, kò sì sí ìdí tí yóò fi dúró, àyàfi ọ̀kan. Ṣé bàbá yìí ń dán òun wò ni, àbí ó kàn ń fi òun ṣeré? Tí òun bá tilẹ̀ rí igi náà, kí ni ń dá a dúró láti tún ní kí òun lọ wá òmíràn? Ó mú gègé láti kọ èsì. Ó kọ orúkọ ìlú, ó kọ déètì, ó dúró.

Ọ̀rọ̀ adágún náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ju ìtìjú lọ. Tí omi bá lè yẹ̀, kí ni kò yẹ̀? Nígbà tí wọ́n ń gbin oko, ibìkan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń to páìpù láìní ibi tí ó ti ń wọ̀n.

Ní ọjọ́ Monday, ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó lọ sí ilé ẹjọ́ ní Kissimmee, níbi tí wọ́n ń kó ìwé ilẹ̀ sí, ó ní kí wọ́n mú ìwé ilẹ̀ Lastinger wá fún òun. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ kà pé: "Bẹ̀rẹ̀ láti irin ààlà ní igun àríwá, ní apá ìwọ̀-oòrùn." Ó da ìwọ̀n rẹ̀ kọ, ó lọ mú Verna, wọ́n sì wọ inú igbó ọ̀pẹ kúkúrú lẹ́yìn ibi tí wọ́n máa ń gbé mọ́tò sí.

"Ejò wà níbí o," Verna wí.

"O sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

"Mo tún ń sọ ọ́ torí pé ìwọ lo wà níwájú."

Wọ́n wá a fún wákàtí mẹ́ta. Àdá Verna ló kọ́kọ́ bà á: kan! Irin kan tó ti dípẹtà, tó yọ orí ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin láti inú iyanrìn. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ nu ún.

"Ó ku ìlà," Clifton wí. "Ìlà kelòó, igi kelòó?"

Verna mi orí. "Ọmọdé ni mí nígbà tí mò ń sáré níbẹ̀. Igi Màmá ni mo mọ̀. Mi ò kà á rí."

Clifton lè fojú bù ú. Àwòrán wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìlà inú rẹ̀ kò hàn kedere, kò sì sí ẹni tó lè hú kọnkéré láti wò ó. Ó rò ó lójú ọ̀nà láti igbó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ Asa, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé iwájú bàbá náà, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ yàtọ̀.

"Mo ti rí irin ààlà yín, sà."

Asa gbé ọ̀bẹ tó fi ń bó ọsàn kalẹ̀. "Irin wo?"

"Ti igun àríwá. Ó ṣì wà níbẹ̀. N kò mọ ìlà tí igi náà wà. Mo lè tọ́ka síbi tó bá wù mí, kò sí ẹni tó máa mọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yin. N kò sì fẹ́ pa irọ́ fún yín nípa ilẹ̀ yín."

"Ìlà kọkànlá," bàbá náà wí níkẹyìn. "Igi keje. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láti ìlà dé ìlà." Clifton ń kọ ọ́. "Àmọ́ ìlà kẹsàn-án yà díẹ̀. Ihò kan wà níbẹ̀ tí a yà fún, gbogbo ìlà tó tẹ̀ lé e ló sì yà bẹ́ẹ̀. Ó yà báyìí." Ó fi ìka fa ìlà sínú eruku. "Rárá, kò rí bẹ́ẹ̀. Báyìí ni." Ó tún un fà. Ó wo Clifton, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Wàá bà á jẹ́. Ó dájú pé wàá bà á jẹ́. Verna! Bàtà oko mi dà?"

Ọkùnrin tó ti búra pé òun kò ní tẹ ilẹ̀ náà mọ́ láyé wọ inú mọ́tò Odell ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

Kò gba téèpù. Láti ìdí irin, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń kà, ó sì ń sọ̀rọ̀ sí àwọn igi tí kò sí mọ́ bó ti ń kọjá ojú ibi tí wọ́n wà. "Èyí ń so dáadáa. Èyí, yìnyín pa á lọ́dún 57. Èyí ọ̀lẹ ni." Ibi tí ó bá kan ògiri, ó máa dúró bí màlúù tó kan ọgbà. Clifton á ní, "Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀yìn, sà," á ṣí ilẹ̀kùn tí kò sí àlejò tó mọ̀ pé ó wà, wọ́n á gba ibi ìfọṣọ tàbí ẹ̀yìn ilé ìdáná, wọ́n á sì jáde sí òdì kejì ògiri kan náà. Asa á tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Àwọn akunlé sọ búrọ́ṣì kalẹ̀, wọ́n ń wo àgbàlagbà tó ń ka igi lórí kápẹ́ẹ̀tì pupa.

Ìlà kọkànlá gbé wọn wọ ọ̀nà páìpù, ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ẹ̀yìn yàrá méjì, níbi tí bàfù kọ̀ọ̀kan ti ń rán omi rẹ̀ lọ. Kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Asa fi ẹ̀gbẹ́ wọ̀ ọ́. Ó ka márùn-ún. Ó ka mẹ́fà. Ó dúró.

"Ibí ni."

Ó gbé ọwọ́ lé páìpù kan. Ó gbóná, wọ́n ń dán omi wò lókè. Kò gbé ọwọ́ kúrò.

"Àwọn àlejò kì í dé ibí?"

"Rárá, sà. Àwa onípáìpù nìkan."

"Ó dáa. N kò fẹ́ kí wọ́n máa ya fọ́tò rẹ̀."

Clifton bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun fi àmì síbẹ̀. Ó gé idẹ pẹrẹsẹ kan ní ilé-iṣẹ́, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó fi iyanrìn kíkúnná dán an títí tó fi ń tàn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó gbẹ́ ojú kọnkéré náà, ó po símẹ́ńtì, ó tẹ idẹ náà sínú rẹ̀ lórí eékún rẹ̀ méjèèjì, ó ń wo ìwọ̀n kó má gbé apá kan ju èkejì lọ. Asa ló di fìtílà mú fún un.

"Kí lo kọ sí i?"

"N kò tíì kọ nǹkan kan, sà."

"Má kọ ọ́. Ẹni tó yẹ kó mọ̀ ti mọ̀."

Clifton nu etí idẹ náà mọ́. Kò sí ibi tó yọ, kò sí ibi tó wọlé. Ó fi ìka rá a kọjá, kò sì mọ ibi tí idẹ parí tí kọnkéré bẹ̀rẹ̀.

"Ó dára," Asa wí. "Kí lo tún ń dúró dè? O ti kúnlẹ̀ tán."

Clifton la ẹnu, ó béèrè, àmọ́ ẹnì kan lókè fa omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lákòókò náà, gbogbo páìpù sì hó yẹ́ẹ̀.

"N kò gbọ́," bàbá náà wí, ó ká ọwọ́ sí etí.

"Mo ní ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ fún mi ní Verna kí n fi ṣe aya!" Ó kígbe rẹ̀ débi pé ó gba inú ògiri kọjá, dé ibi tí Verna ti ń ka aṣọ ibùsùn.

"Mo gbọ́ ọ báyìí. Mú un. Kọ̀wé sí àwọn ará Mississippi tí Odell sọ fún mi nípa wọn pé o ti ríṣẹ́. Ilé ńlá bí èyí máa nílò onípáìpù. Ẹ óò sì máa wá jẹun lọ́dọ̀ mi ní gbogbo ọjọ́ Sunday, ìwọ ni wàá máa ha ìpẹ́ ẹja."

Ẹsẹ̀ ti ń dún bọ̀ nínú ọ̀nà tóóró náà. Verna fi ẹ̀gbẹ́ sáré dé, aṣọ ibùsùn kan ṣì wà léjìká rẹ̀. Bàbá rẹ̀ na apá dí i lọ́nà.

"Rọra! Má tẹ̀ ẹ́. Kò tíì gbẹ."

Ó dúró ní apá kan idẹ náà, Clifton dìde ní apá kejì. Àyè kò sí láti yà á kọjá. Wọ́n na ọwọ́ sí ara wọn lókè rẹ̀, ọwọ́ ọ̀kan kún fún símẹ́ńtì. Asa Lastinger gbé fìtílà náà sílẹ̀, ó kọjú sí àwọn páìpù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ó mọ̀ nípa wọn.